Jíjá Ara Lẹ́nu Oògùn: Ìdí Tí A Kì Í Fi Dá Prednisolone Dúró Lójijì

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan wà nínú èdè wa tó máa ń kó àwọn tó ń lo prednisolone sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ náà ni "tán". Bí nọ́ọ̀sì bá fún èèyàn ní oògùn ibà, ohun tó máa ń tẹnu mọ́ ni pé, "Ẹ rí i pé ẹ lò ó tán o." Èyí dáa, nítorí ẹni tó bá lo oògùn ibà dé ìdajì, tó wá jù ú sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ń ṣe níbi. Àwa àgbàlagbà ilẹ̀ Okun ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa. A máa ń lo oògùn tán. Ṣùgbọ́n tí páálí prednisolone bá tán, ohun tí aláìsàn ń gbọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé ìtọ́jú tán, àìsàn tán, ó tán náà nìyẹn. Páálí tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí òun padà sẹ́nu iṣẹ́ tí oògùn ti ń bá òun ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti rí fọ́tò mi níbi ìnáwó kan lọ́dún tó kọjá, ẹ sì ń béèrè bóyá ìfẹ̀yìntì ló mú mi sanra tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe ìfẹ̀yìntì o. Oògùn ni. Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń lo prednisolone nítorí làkúrègbé, ó sì ti tó ìgbà díẹ̀ tí dókítà mi ti ń bá mi dín in kù. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kó yé wa pé "Dókítà" tó wà níwájú orúkọ mi, ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Ohun tí mo kà, ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi, àti ohun tí ara mi fi hàn mí ni mò ń sọ. Iye tí ẹ máa lò àti ọjọ́ tí ẹ máa dín in kù, ẹnu dókítà yín ni kó ti jáde.

Làkúrègbé là ń pe gbogbo ìrora oríkèé, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní aromọléegun. Orúkọ kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ àìsàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ogbó, tí orúnkún ti gbó bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Tèmi yàtọ̀. Rheumatoid arthritis ni wọ́n ń pè é: àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ti yíjú padà, wọ́n ń gbógun ti oríkèé onílé. Lówùúrọ̀, ìka mi á le bí igi. Ó máa ń tó wákàtí méjì kí n tó lè so okùn ṣòkòtò ara mi.

Nígbà kan, wọ́n gbà pé irú àìsàn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá. Ní 1968, Brian Greenwood, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú The Lancet pé àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn yẹn. Ó rò ó pé bóyá ibà àti aràn tó ń bá wa fínra láti kékeré ló ń dí i lọ́wọ́. Ìrònú tó jinlẹ̀ ni, àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ní 2010, Fẹ́mi Adélówò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ jáde nípa 200 aláìsàn àkọ́kọ́ tó ní rheumatoid arthritis ní ilé ìtọ́jú oríkèé kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Àìsàn náà wà láàárín wa, àwọn tó lè dá a mọ̀ ni kò pọ̀. Láti Kàbà, Ìlọrin ni mo ń lọ rí dókítà tèmi, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí.

Oògùn tí wọ́n ń torí rẹ̀ bẹ̀rù yìí, ara fúnra rẹ̀ ló ni ìbátan rẹ̀. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì, ẹran kékeré kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jókòó bíi fìlà. Adrenal ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣe cortisol, ohun tó ń gbé wa dìde láàárọ̀, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ní agbára láti rìn, tó ń jẹ́ kí ṣúgà wà fún ọpọlọ, tó sì ń pẹ̀tù sí ogun inú ara kó má baà kọjá àlà. Ní ìdájí ló máa ń pọ̀ jù, ní ọ̀gànjọ́ òru ló máa ń kéré jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní ká lo prednisolone láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ: ká lè bá aago ara rìn, kí oorun má sì fò lójú wa lálẹ́. Thomas Addison, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣàpèjúwe ní 1855 ohun tó máa ń ṣe ẹni tí ẹran yìí bá bàjẹ́ lára rẹ̀: okun á tán, kò ní lè jẹun, á máa rù, ní ìgbẹ̀yìn á kú. Kò sí oògùn rẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1948 ni nǹkan yí padà. Ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin ẹni ọdún 29 kan ní abẹ́rẹ́ ohun tí a wá mọ̀ sí cortisone. Rheumatoid arthritis ti sọ obìnrin náà di ẹni tí kò lè rìn dáadáa. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó dìde, ó rìn, ó jáde lọ nájà. Ẹ wo ìyanu! Ní 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bí wọ́n bá ti dá oògùn náà dúró, àìsàn á padà wá, àti pé bí wọ́n bá ń lò ó lọ, ojú á wú, egungun á máa rọ̀. Ní 1952, àwọn dókítà kan kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà nípa ọkùnrin kan tó ti ń lo cortisone fún oríkèé rẹ̀. Wọ́n dá a dúró kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, wọn ò rí i gbé dìde mọ́, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, ẹran orí kíndìnrín náà ti rù, ó ti gbẹ.

Kí ló mú un gbẹ? Ẹ ro ti bàbá àgbẹ̀ kan ní abúlé lẹ́yìn Kàbà níbí. Ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́ ńlá ní Àbújá, ó wá ń fi iṣu, ìrẹsì àti gaàrí ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, bàbá ṣì ń lọ sóko. Tó bá yá, ó rí i pé kò nídìí, ó fi ọkọ́ kọ́ àjà. Lẹ́yìn ọdún kan, oko ti di igbó. Bí ọmọ yẹn bá wá dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ebi ni. Bàbá kò ya ọ̀lẹ o, ó ní ọwọ́, ó ní ọkọ́, ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣán igbó, kó kọ ebè, kó gbin iṣu, kó dúró dè é. Iṣu tí a gbìn lónìí kọ́ la máa gún jẹ lọ́la. Ohun tó tọ́ ni kí ọmọ máa dín ẹrù tó ń fi ránṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, kí ebi díẹ̀ lè rán bàbá létí oko, kó má sì pa á.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí nínú ara. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ẹran orí kíndìnrín pé kó ṣiṣẹ́. Bí ọpọlọ bá rí i pé prednisolone ti kún inú ẹ̀jẹ̀, á dákẹ́, kò ní ránṣẹ́ mọ́. Ẹran tí kò gbọ́ àṣẹ á sùn. Tí a kò bá lo oògùn náà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, oorun náà kì í sábà wọra. Nígbà COVID, láti oṣù Kẹfà 2020, wọ́n ń fún àwọn tí kò lè mí dáadáa ní dexamethasone 6 miligíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì ń dá a dúró láìsí wàhálà. Ti olóṣù àti ọlọ́dún ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran tó ti sùn fún ọdún kan lè lo oṣù púpọ̀ kó tó jí délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan iye. Ara tó dá ṣáṣá ń ṣe cortisol tó tó nǹkan bíi prednisolone 4 tàbí 5 miligíráàmù lójúmọ́. Nítorí náà, ìrìn-àjò yìí ní apá méjì. Láti òkè wá títí dé nǹkan bíi 7.5, àìsàn nìkan là ń ṣọ́, pé ṣé kò ní gbérí. Láti ibẹ̀ wálẹ̀, a ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu ara nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáko. Ẹ tún ṣírò rẹ̀ báyìí: láti 20 sí 19, ìdá kan nínú ogún la mú kúrò. Láti 5 sí 4, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Láti 2 sí 1, ìdajì odindi ni! Miligíráàmù kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà fún ara. Ẹni tó bá ní òun ti rọra sọ̀kalẹ̀ láti 20 dé 5 láàárín oṣù díẹ̀, pé ó yẹ kí 5 tó kù parí ní ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì bẹ̀rẹ̀ apá tó le.

Àwọn ìlànà tó wà nílẹ̀ fi èyí hàn. Ẹ wo ti ẹ̀tẹ̀, àìsàn tí ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Bí iṣan aláìsàn ẹ̀tẹ̀ bá wú, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ fẹ́ rọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pẹ́ tó ti là á sílẹ̀ pé kó lo prednisolone 40 miligíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà 30, 20, 15, 10, 5, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó di ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn ìrora èjìká àti ìbàdí kan wà tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà ibẹ̀, polymyalgia rheumatica. Ìlànà tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 15, ó dé 10 láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà miligíráàmù kan péré ni wọ́n ń mú kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹ ó rí i pé bí iye náà ṣe ń kéré sí i ni ìgbésẹ̀ ń kúrú sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ibi tí ìmọ̀ èdè ti kàn mí nìyí. Tí dókítà bá sọ fún ìyá àgbà pé "ẹ máa dín in kù", kí ni ìyá gbọ́? Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ nínú ilé ìdúródè dókítà. Ìyá kan ní òun ti ń dín in kù, òun kì í lò ó ní ọjọ́ ọjà. Ìyá kejì ní tòun, ọjọ́ tí oríkèé kò bá dun òun ni òun kì í lò ó. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ṣe ohun tí gírámà gbà láàyè. "Dín kù" kò sọ ẹ̀ẹ̀mélòó, kò sọ ìwọ̀n, kò sọ pé ọjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fò. "Jáwọ́" tún burú jù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọwọ́ ń já. Ọ̀rọ̀ tí mo ń dá lábàá fún àwọn nọ́ọ̀sì tó bá béèrè lọ́wọ́ mi ni ti ìyá ọlọ́mọ: "A fẹ́ já ara yín lẹ́nu oògùn, bí a ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú." Kíákíá ló máa ń yé wọn. Gbogbo ìyá ló mọ̀ pé a máa ń fi ògì kún un, a máa dín ti ọ̀sán, ti òru ló máa ń kẹ́yìn, ọmọ á sunkún, sùúrù la fi ń ṣe é. (Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan máa ń fi ewúro ra orí ọmú kó lè parí lọ́jọ́ kan. Ọmọ lè fara da ìyẹn. Ẹran orí kíndìnrín kò lè fara dà á.)

Bí tèmi ṣe ń lọ nìyí. 15 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú methotrexate, oògùn mìíràn tó máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, tó wá di òpó tí mo fara tì nísinsìnyí. Láti 15 dé 10 kò le. Láti 10 dé 7.5 gba oṣù mẹ́ta. Ìṣòro Kàbà ni pé 5 miligíráàmù ni hóró tí mo ń rí rà ní gbogbo ilé oògùn tí mo mọ̀. Kò sí oní 1. Bíléèdì tuntun ni mo fi ń gé e sí méjì. (Èyí tó bá ní èèpo dídán lára, tí wọ́n ṣe kó má tú sínú ikùn, kò ṣe é gé o, ẹ bi apòògùn léèrè.) Láti 5 sí 2.5 lẹ́ẹ̀kan, ìdajì nìyẹn, ó ti pọ̀ jù. Ọgbọ́n tí dókítà mi fọwọ́ sí ni pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo lo 2.5, mo lo 5 ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi Ọjọ́rú kún un, mo tún dúró. Lẹ́yìn náà Ọjọ́ Ẹtì. Tí a bá pín in sórí ọjọ́ méje, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì miligíráàmù lójúmọ́. Kàlẹ́ńdà tí ẹgbẹ́ ìlú fún wa ló wà lára ògiri, bírò pupa fún odindi, aláwọ̀ búlúù fún ìlàjì. Ìyàwó mi ló ń fàlà sí i. Ó ní òun kò fọkàn tán ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wá awò ojú rẹ̀ tó sì wà lórí rẹ̀.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ara á máa dun èèyàn, èèyàn ò sì ní mọ irú ìrora tó jẹ́. Mo ti wá mọ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìkíní ni ìrora ìjálẹ́nu. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí mo bá gbé ìgbésẹ̀ tuntun ló máa ń dé. Gbogbo ẹran ara á máa ro mí, láti ọrùn dé itan, bí ẹni tó fi ọjọ́ méjì kọ ebè. Ọkàn mi á wúwo, inú á máa bí mi sí redio. Ṣùgbọ́n tí mo bá wo ìka mi, kò wú. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, á lọ fúnra rẹ̀. Tèmi tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, mi ò kí í fi oògùn kún un. Omi gbígbóná ni mo fi ń wẹ̀, mo sì ń rìn lọ rìn bọ̀ ní àgbàlá.

Ìkejì ni àìsàn tó padà wá. Ìyẹn kì í ṣe gbogbo ara. Oríkèé tó ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀ ló ń padà sí, á wú, á gbóná lábẹ́ ọwọ́, líle àárọ̀ á gùn ju wákàtí kan lọ, ọ̀sẹ̀ kejì á burú ju ti àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ èyí ni, ìpè lorí fóònù sí dókítà ló kàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan ní 6. Ó ní kí n padà sí 7.5, kí n lo oṣù kan níbẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ìpadàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìjákulẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rí àpáta tẹ̀, ó yẹ kó gbé ẹsẹ̀ náà padà.

Ìkẹta ni èyí tó ń pani: ara kò ní cortisol tó láti fi gbé ìgbésí ayé. Àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò, oúnjẹ tí kò wọnú, èébì, inú rírun, òòyì nígbà tí èèyàn bá dìde dúró, ara tó ń rù. Tó bá le, ọ̀rọ̀ èèyàn á máa dàrú, agbára ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 miligíráàmù àti omi fàásì ni ìtọ́jú rẹ̀, kò wọ́n, kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni kí ẹnì kan rántí rẹ̀ lásìkò.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta iṣu. Orúnkún ń dùn ún, ó ń ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kan, hóró mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré láìsí orúkọ lára rẹ̀. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ọdún méjì ló fi lò ó. Ojú rẹ̀ yọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ń kí i pé owó ti dé. Lọ́jọ́ kan, oníkẹ́míìsì rìnrìn-àjò, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá kò lè dìde mọ́. Ó ń bì, òòyì ń kọ́ ọ, kò fẹ́ oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn kan ló ta á lọ́fà nítorí ìlọsíwájú rẹ̀, wọ́n gba ààwẹ̀, wọ́n ṣe àìsùn. Ìdájọ́ àárọ̀ kan, ó ṣubú sílé ìdáná. Orí ló bá a ṣe é tí ó fi jẹ́ pé dókítà ọmọdé kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn wo ojú rẹ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ àti apá rẹ̀ tó tín-ín-rín, tó dúdú káàkiri bí ẹni tó fara gbá nǹkan, ó sì béèrè pé, "Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?" Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré lọ mú ọ̀rá tó kù wá. Hóró kékeré funfun kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kó tó di alẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ.

Mi ò rí ẹ̀bi ìyá yẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé stẹ́rọ́ìdì wà nínú ohun tó ń lò. Ẹ má sì fi kékeré wo hóró náà: dexamethasone tí kò tó miligíráàmù kan, 0.75, bá prednisolone 5 dọ́gba. Ìpara ìbóra tó ní clobetasol náà lè gba awọ ara wọlé, kó mú ẹran orí kíndìnrín sùn. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ń gbé dexamethasone mì kí wọ́n lè sanra. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń lo "oògùn orúnkún" aláìlórúkọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ wọn kí ẹ dà á sí ṣàlángá. Ìfẹ́ lẹ máa rò pé ẹ fi ṣe é. Ẹ gbé ọ̀rá náà àti òbí yín lọ bá dókítà.

Ibà ni ọ̀tá ńlá míì, pàápàá lásìkò òjò. Ara tó dá ṣáṣá máa ń ṣe cortisol lọ́po-lọ́po nígbà tí ibà bá gbé e dè, tàbí tó bá fara pa, tàbí tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹran tó ń sùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, dókítà mi ti sọ fún mi ṣáájú iye tí mo máa gbé oògùn náà lọ sí tí ara mi bá gbóná, àti ọjọ́ mélòó. Tí mo bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, abẹ́rẹ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní káàdì kékeré kan tó ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn lójú ọ̀nà. Èmi ò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀, mo bá kọ tèmi, mo fi sínú pọ́ọ̀sì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá: "Mò ń lo prednisolone lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Bí mo bá dákú tàbí mo ń bì, ẹ fún mi ní hydrocortisone 100 miligíráàmù kíákíá." Awakọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Ìlọrin mọ ibi tó wà.

Nǹkan díẹ̀ tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Kí wọ́n tó fún èèyàn ní oògùn yìí fún ìgbà pípẹ́ ní ilẹ̀ wa, ó dáa kí wọ́n wádìí ikọ́ ife àti aràn, nítorí aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní strongyloides tó lè fara pamọ́ sínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó wá bo gbogbo ara tí stẹ́rọ́ìdì bá ti mú ọmọ ogun ara rọ̀. Ẹ máa wọn ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ṣọ́ egungun: ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tòun-teegun rẹ̀, ẹ̀fọ́, ìrìn, oòrùn. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ní ti ebi tí oògùn náà ń mú wá, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ẹ̀pà tí mo ti jẹ.

Níbí, "Okun" là ń kí ara wa, òun náà ló sì di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ìka tí kò tíì ká, àwọn tó ń kọjá á kí mi "Okun o", èmi náà á dáhùn. Wọn ò mọ̀ pé okun gan-an ni mò ń dúró dè láti orí kíndìnrín.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò tó máa sọ bóyá ó ti ń jí. Nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ náà, nígbà tó yẹ kí cortisol pọ̀, kí n tó lo oògùn ọjọ́ yẹn. Tó bá pọ̀ tó, a máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí 2.5 lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà ìdámẹ́rin hóró, bí bíléèdì bá gbà. Tó bá kéré, ibi tí mo wà náà ni máa dúró sí fún oṣù mélòó kan, ká tún dán an wò. Ẹni tó bá gbéra láti Kàbà ní ìdájí kò lè dé Ìlọrin ní aago mẹ́jọ, nítorí náà mo ti sọ fún ọmọ mi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni máa sùn mọ́jú ọjọ́ náà.